Kọ́bọ́ọ̀dù Wà Nínú Ilé, Ìyá Wà Níta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ sá lọ. Ẹ kà á kanlẹ̀. Ìwọ tó o ti ń fi ìka wá ìparí yẹn, mo rí ẹ o. Padà sókè.

1. Káfíńtà kan wà tí wọ́n ń pè ní Jọ̀lọ̀. Bó bá kun fáníìṣì sára igi, o lè wo ojú rẹ nínú rẹ̀ kí o fi fá irùngbọ̀n. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀. Yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá rẹ̀, tó ní ikọ́ fée, ń gbé yàrá ẹ̀yìn.

2. Lọ́jọ́ kan, rédíò kéde pé atẹ́gùn ti kó eruku láti aṣálẹ̀ kan tó jìnnà réré, pé ó ti ré òkun kọjá, ó sì ń bọ̀. Wọ́n ní kí àgbàlagbà àti ẹni tó ní ikọ́ fée jókòó sílé. Jọ̀lọ̀ gbọ́. Ṣùgbọ́n kọ́bọ́ọ̀dù nọ́ọ̀sì kan ló fẹ́ kùn lọ́jọ́ náà, bí eruku bá sì bà lé fáníìṣì tútù, ara igi á dà bí awọ ọ̀pọ̀lọ́. Ó ti fèrèsé pa. Ó fi aṣọ tútù dí abẹ́ ilẹ̀kùn. Ihò kọ́kọ́rọ́ pàápàá, ó fi bébà dí i.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, òórùn gba gbogbo ilé, ìyá sì ń wúkọ́. Ẹ má tíì bú Jọ̀lọ̀ o, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. Ó gbé àga síta fún un, ó fi ìborùn bò ó lẹ́sẹ̀.

"Màámi, ẹ jókòó síbí kẹ́ ẹ gba afẹ́fẹ́ tó dára."

Ìyá wo ojú ọ̀run tó pọ́n bí irin tó dípẹtà. "Èyí náà lò ń pè ní afẹ́fẹ́, ọkọ mi?"

Ó ní eruku lásán ni, pé èyí tí ọkọ̀ ń tú sókè lójoojúmọ́ jù ú lọ. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

3. Irọ́ ló pa. Eruku tó wúwo ti já bọ́ lọ́nà. Èyí tó rin ìrìn àjò yẹn dé ló kúnná jù, kì í sì í dúró nímú. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ tààrà.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jọ̀lọ̀ kun kọ́bọ́ọ̀dù yẹn. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ìyá kan ilẹ̀kùn. Jọ̀lọ̀ ní kí wọ́n ní sùúrù, pé bí òun bá ṣí i, iṣẹ́ á bàjẹ́. Ìyá kò kàn án lẹ́ẹ̀kẹta.

4. Nọ́ọ̀sì wá wo ẹrù rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ìyá ló kọ́kọ́ bá níta: ètè rẹ̀ ti dúdú, ó ń mí bí ẹja orí ilẹ̀. Nọ́ọ̀sì figbe ta, Jọ̀lọ̀ sáré jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Ta ló gbé màmá síta nínú eruku yìí?"

"Èmi ni, àǹtí. Mi ò fẹ́ kó bà lé kọ́bọ́ọ̀dù yín."

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Nítorí kọ́bọ́ọ̀dù mi?"

Ọ̀sẹ̀ méjì ni ìyá lò ní ilé ìwòsàn. Kò kú, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n títí di òní, bó bá ń kí ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, ó ní láti sinmi lẹ́ẹ̀mejì kó tó kí i tán. Jọ̀lọ̀ á dúró níwájú rẹ̀, á wolẹ̀, á máa dúró dè é.

Ẹ̀yin èèyàn mi, bí wọ́n bá ní eruku ń bọ̀, èèyàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ tì mọ́lé. Iṣẹ́ á dúró dọ̀la. Èémí kì í dúró. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni tó ní àgbà nílé, kẹ́ ẹ sì rántí: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá.