Erin Tó Fi Ọ̀nà Odò Kọrin

Àlọ́ mi fo Ìjàpá dá, ó balẹ̀ sórí Ìyá Erin. Òun nìkan ló mọ ọ̀nà odò tí kì í gbẹ, ṣùgbọ́n ogbó dé, iyè rẹ̀ ń ra. Ó ní, "Iyè lè lọ; ọ̀nà yìí kò ní bá a lọ." Ó bá ń fi ọ̀nà náà kọrin láràárọ̀:

Mo dé ìdí ìrókò,
*Ẹsẹ̀ mi, má gbàgbé.*
Mo yà sọ́wọ́ àpáta,
*Ẹsẹ̀ mi, má gbàgbé.*

Ẹfọ̀n a máa sín in jẹ: "Arúgbó ń ṣarán!"

Ọ̀dá dá, gbogbo ẹranko tẹ̀lé Ìyá Erin. Ní ìdí ìrókò, orin pòórá lẹ́nu rẹ̀. Ẹfọ̀n, tó ti sín in jẹ títí ó fi mọ orin náà, ló lé e: "Mo yà sọ́wọ́ àpáta."

Ẹsẹ̀ Ìyá Erin yà. Wọ́n mu omi.

"Ìwọ ta ni, ọmọ mi?"

Ẹfọ̀n dọ̀bálẹ̀. "Elégbè yín ni, Ìyá."