Oyèníran Ń Lo Oògùn Ẹ̀jẹ̀, Síbẹ̀ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ń Tán

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi agbára jẹun, tàbí tí ọkọ yín ń fi agbára jẹun, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ẹni tí ìtàn yìí dá lé lórí kò dúró gbọ́ ọ̀rọ̀ tán. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín.

1.
Oyèníran ni olórí àwọn alábàárù ní ilé ìkẹ́rùsí kan ní Creek Road, ní Àpápá. Ajégúnlẹ̀ ló ń gbé pẹ̀lú Sàfúrátù ìyàwó rẹ̀ àti Moyọ̀sọ́rẹ, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Bí tírélà ìrẹsì bá dé, òun ló ń kọ́kọ́ gbé àpò lérí. Ó máa ń sọ pé olórí tí kò bá lè gbẹ́rù, ẹrù ni òun náà.

Àwọn alábàárù ibẹ̀ ní àṣà kan. Láàárọ̀, kí wọ́n tó já ẹrù, wọ́n á ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ oníkiri, wọ́n á fi oògùn ẹ̀jẹ̀ kún un, wọ́n á da méjèèjì sẹ́nu láì tíì jẹun. Wọ́n ní ọ̀kan ń pa ìrora, èkejì ń dá ẹ̀jẹ̀ tí ẹrù fà gbẹ padà. Kò sí ẹni tó bi wọ́n pé ta ló kọ́ wọn.

2.
Nígbà tó yá, àárẹ̀ mú Oyèníran. Bó bá gun àtẹ̀gùn, àyà rẹ̀ á máa já, òòyì á máa kọ́ ọ. Sàfúrátù bẹ̀ ẹ́ títí ó fi lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù kékeré kan nítòsí Malu Road. Dókítà Ngozi, ọmọ Ajégúnlẹ̀ náà, ló ka èsì fún un.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀jẹ̀ yín kéré. Irin tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀, èyí tí ara ń kó pa mọ́, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Màá fún yín ní oògùn irin, èyí tí ẹ̀ ń pè ní oògùn ẹ̀jẹ̀, ẹyọ kan lójúmọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin ló ń ṣe nǹkan oṣù. Tí irin bá tán báyìí lára ọkùnrin, a gbọ́dọ̀ wá ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ṣé ẹ ń lo oògùn ara ríro?"

"Díẹ̀díẹ̀," ni Oyèníran wí.

"Ẹ dá a dúró lónìí. Ó lè dá ọgbẹ́ sínú ikùn. Ẹ padà wá, ká fi kámẹ́rà kékeré tó ń gba ọ̀nà ọ̀fun wọlé wo inú ikùn yín. Ohun kan tún wà nípa ìgbẹ́ yín tí mo fẹ́ kí ẹ..."

Fóònù rẹ̀ dún. Tírélà ti dé. Olórí tí kò bá sí nídìí tírélà nígbà tí wọ́n bá ń ṣí i, ẹlòmíràn á gba iṣẹ́ náà. Oyèníran dìde. "Dókítà, mo ti gbọ́. Irin ló tán, màá lo irin." Ó jáde lọ.

3.
Ó lo oògùn náà, ara rẹ̀ sì mókun díẹ̀. Kò padà lọ fún kámẹ́rà. Kò fi oògùn ara ríro sílẹ̀, nítorí ẹ̀yìn alábàárù kì í dákẹ́. Nígbà tí àárẹ̀ tún dé, òun fúnra rẹ̀ sọ irin ẹyọ kan di mẹ́ta. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í ta á. Ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì, ó ń lẹ̀, ó sì ń rùn.

Ẹ̀rù bà á, ó sọ fún Ovie, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbẹ́rù.

"Ọ̀gá, no fear," ni Ovie wí. "Oògùn ẹ̀jẹ̀ yẹn ni. Na so e dey do. Tèmi náà máa ń dúdú."

Òótọ́ ni Ovie sọ. Oògùn irin máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n òótọ́ náà kò pé. Ìyókù rẹ̀ wà lẹ́nu dókítà tí wọn kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.

"Bàbá Moyọ̀, ẹ jẹ́ ká padà lọ bá dókítà," ni Sàfúrátù wí. "Ojú yín ti funfun jù."

"Èsì ní irin ló tán. Mo sì ń lo irin. Kí ni mo tún fẹ́ lọ gbọ́?"

"Ẹ lọ gbọ́ èyí tí ẹ ò dúró gbọ́."

Oyèníran wọ bàtà rẹ̀, ó lọ síbi iṣẹ́.

4.
Ìdí tírélà ló ṣubú sí. Ó bì, ẹ̀jẹ̀ ló sì bì. Tírélà ti dí gbogbo ọ̀nà, ọkọ̀ kankan kò lè kọjá. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ́ ẹ sórí ọmọlanke tí wọ́n fi ń kó ẹrù, wọ́n ń tì í lọ láàárín àwọn tírélà, wọ́n ń bẹ àwọn èèyàn kí wọ́n yà.

Ọsibítù Dókítà Ngozi ni wọ́n gbé e dé, wọ́n ní àfi kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ovie ló kọ́kọ́ na apá. Wọ́n gún ìka rẹ̀, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n mi orí. "Tìẹ náà kéré. A ò lè gbà á." Bákan náà lọ́dọ̀ ẹni tó tẹ̀lé e, àti èyí tó tẹ̀lé ìyẹn. Àwọn ọkùnrin tí àyà wọn fẹ̀ bí ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀. Àṣà kan náà ni gbogbo wọn ń dá láràárọ̀.

Kí ẹ̀jẹ̀ tó ti ibòmíràn dé, Oyèníran ti dákẹ́.

Dókítà Ngozi bi Sàfúrátù pé, "Ìgbẹ́ wọn, ṣé ó ń lẹ̀ bí ọ̀dà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní oògùn ló ń fà á."

"Ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn nìyẹn. Tó bá ti ń lẹ̀, tó ń rùn bẹ́ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ni."

Ovie gbọ́ ọ, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Na me tell am," ló ń wí. "Èmi ni mo sọ fún un pé kò sí nǹkan."

Sàfúrátù ń sunkún, ṣùgbọ́n ó di apá rẹ̀ mú. "Ovie, wọlé lọ bá dókítà. Kí o sì jókòó títí wọ́n á fi sọ̀rọ̀ tán."

Ẹ̀yin èèyàn mi, èsì tó ní irin kéré kò tíì sọ ìdí tó fi kéré. Ẹ bèèrè ìdí rẹ̀. Ẹ má lo irin láìṣe àyẹ̀wò, nítorí àárẹ̀ ẹlòmíràn kì í ṣe ti irin rárá. Ẹ má fi kún iye tí wọ́n bá kọ fún yín, irin tó pọ̀ jù ń ba ara jẹ́. Ẹ gbé e síbi tí ọwọ́ ọmọdé kò lè tó, ó lè pa ọmọ. Ìgbẹ́ dúdú tó ń lẹ̀, ẹ má bi ọ̀rẹ́ léèrè, ẹ sáré lọ sí ọsibítù. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí alábàárù kan tí ẹ mọ̀, kí ọmọ tirẹ̀ má bàa di ọmọ aláìníbaba bíi Moyọ̀sọ́rẹ. Àárẹ̀ ni Oyèníran ń lé kiri, ó fi ọgbẹ́ tó ń ṣẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àwọn àgbà ti wí i tipẹ́: a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá.