Ẹnu Kànga Àwọn Ará Nábátíà

Láràárọ̀ ni Nuwárà máa ń gbé ẹ̀rọ tó ń mú òkú sọ̀rọ̀ lé àpáta tí àwọn ará Nábátíà, àwọn oníṣòwò aṣálẹ̀ ilẹ̀ Lárúbáwá láyé àtijọ́, kọ orúkọ wọn sí. Àwọn ló gbẹ́ kànga sábẹ́ aṣálẹ̀, tí wọ́n bo ẹnu rẹ̀ kí àjèjì má baà rí i.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin bàbá, òùngbẹ fẹ́ pa wá tán lábúlé. Níbo ni kànga wà?”

“Ọmọ ta ni ọ́?” Ohun tí àwọn òkú inú àpáta máa ń bi í náà nìyẹn.

Lónìí, ó dárúkọ bàbá rẹ̀, Fawásì, tó wá omi lọ lọ́dún tó kọjá, tí kò padà wálé mọ́.

Ohùn bàbá rẹ̀ gan-an ló dáhùn láti inú òkúta, láàárín àwọn òkú:

“A kì í fi kànga wa han àjèjì. Ọmọ ta ni ọ́?”