Ilé-Ẹ̀kọ́ Tí Kathir Fẹ́

Nígbà tí Ponnusamy yà sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó bá tọkọtaya náà tí wọ́n ti múra tán. Valliammal wọ sárì aláwọ̀ ewé tó máa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó. Sadasivam, ọkọ rẹ̀, tó ń hun irú ẹní aláràbarà tí wọ́n fi mọ ìlú Bhavani, ti pa òfì rẹ̀ tì. Ponnusamy bi wọ́n pé níbo ni wọ́n ń lọ. Sadasivam ní àwọn fẹ́ lọ wo ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba, èyí tó wà lójú ọ̀nà Salem, nítorí ọ̀rọ̀ Kathir.

Ponnusamy gbé ife kọfí tí wọ́n bù fún un sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ fẹ́ lọ wò níbẹ̀? Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ ní ẹni tó ti ibẹ̀ jáde kò yàtọ̀ sí ẹni tí kò lọ ibì kankan."

"Èmi ni mo sọ ọ́."

"Tí ẹ bá wá rí i tán ńkọ́?"

"Màá ti rí i nìyẹn."

Valliammal ní kí àbúrò òun mu kọfí rẹ̀ kó má baà tutù.

Kathiravan ni ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí. Máàkì tó gbà tó láti gbé e wọ èyíkéyìí nínú ilé-ẹ̀kọ́ méjì. Ti ìjọba kò wọ́n. Owó òfì lè ká a, bí wọ́n bá ṣọ́wó ná. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi orúkọ rẹ̀ yangàn ládùúgbò. Ti aládàáni tó wà ní Coimbatore ni gbogbo ẹnu ń pè. Àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ń wá mú òṣìṣẹ́ níbẹ̀ kí àwọn ọmọ tó jáde, owó rẹ̀ sì tó ohun tí èèyàn ń torí rẹ̀ ta ilẹ̀. Kathir ní ti ìjọba ló wu òun, kí òun lè máa wálé ní Sátidé. Bàbá rẹ̀ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò tíì mọ ohun tó wù ú.

Nínú bọ́ọ̀sì, Sadasivam tún gbé ọ̀rọ̀ náà wọ̀n. Ó sọ nípa ilé onígíláàsì tó wà ní Coimbatore, àti táì aláwọ̀ aró tí àwọn ọmọ ibẹ̀ ń so mọ́rùn.

"Ìgbà tí mo dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ yẹn níbi ìgbéyàwó, àga ni wọ́n gbé fún mi. Iwájú ni wọ́n gbé e sí."

"Bàbá Kathir, ṣé àga yẹn tù yín lára?"

"Ó tù mí lára."

Valliammal kọjú sí fèrèsé.

Olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Mangaiyarkarasi ló mú wọn káàkiri ọgbà náà. Ó bi wọ́n pé ọmọ náà dà, nítorí ó sàn kí ọmọ fúnra rẹ̀ wo ibẹ̀. Sadasivam ní kò lè wá.

"Ó ti wá rí," ni Valliammal wí. "Òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni. Ó ní igi dóńgóyárò pọ̀ níbí, pé òjìji wà."

Sadasivam wo ìyàwó rẹ̀. Kò gbọ́ èyí rí.

Ọ̀dà ti ṣí lára ògiri. Àwọn ẹ̀rọ inú ilé iṣẹ́ ọwọ́ ti gbó, ṣùgbọ́n wọ́n fi òróró sí wọn dáadáa, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́. Valliammal ní òun fẹ́ rí ibi tí àwọn ọmọ ń sùn. Yàrá kan ni ọmọ mẹ́fà ń pín. Olùkọ́ náà bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má bínú, àyè há, kò síbi tí ọmọ kan ti lè dá wà.

"Ìyẹn dáa," ni Valliammal wí. "Ó dáa gan-an."

Sadasivam dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bí ọmọ bá fìdí rẹmi nínú ìdánwò ńkọ́?"

"Á tún un ṣe. Èmi náà fìdí rẹmi nínú ìṣirò, kì í sì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan."

"Ẹ kì í pe bàbá rẹ̀?"

"Kí la fẹ́ pè é wá ṣe, bàbá? Ẹni tó ti sunkún tán, ká tún wá ẹni tí á nà án kún un?"

Sadasivam fọwọ́ ti ògiri. Nígbà tí olùkọ́ náà béèrè máàkì Kathir, ó sọ ọ́ láì ronú. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò ní bá ẹnikẹ́ni jà kó tó wọlé, ekukáká ni yóò fi san nǹkan kan. Valliammal jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó ń sunkún. Olùkọ́ náà bu omi fún un, ó ní ayọ̀ a máa ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Wọ́n pa àtẹ́lẹwọ́ pọ̀, wọ́n kí i, wọ́n sì bọ́ síta.

Bí bọ́ọ̀sì ṣe ń súnmọ́ ìlú, Sadasivam ní òun ti gbà, ti ìjọba ló dáa.

"Ẹ fẹnu ara yín sọ fún un," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Wọn kò délé tí wọ́n fi sọ̀ kalẹ̀, níbi tí odò méjì ti pàdé. Oòrùn ṣì wà lókè. Sadasivam bọ́ bàtà rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òkúta títí omi fi mù ún dé orúnkún.

"Kathir," ó ní, "mo ti dé ibẹ̀. Ibi tí o wí yẹn dáa. O jàre mi. Máa lọ síbẹ̀."

Inú odò yẹn ni Sadasivam fọwọ́ ara rẹ̀ da eérú òkú ọmọ náà sí lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, ní ọ̀sẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ ńlá ti Coimbatore pè é pé ọmọ rẹ̀ fìdí rẹmi, tí òun náà sì bá a wí lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ọmọ náà fi dákẹ́, tó sì lọ gbẹ̀mí ara rẹ̀ nínú yàrá tó ti dá wà.