Ọwọ́ Adébùkọ́lá Lórí Tẹlifíṣọ̀n

Ṣèyíọlá jókòó sí pálọ̀ rẹ̀ ní Ugbowo, inú ń bí i burúkú.

Wọ́n ń gbé ètò ọ̀gbìn Adébùkọ́lá sáfẹ́fẹ́ ní tààràtà.

"Tó bá ń gbin nǹkan, tí wọ́n á fi ọwọ́ nìkan hàn, mo fẹ́ràn ọwọ́ obìnrin yìí, tòun ti àpá àtàǹpàkò ẹ̀," ni Ìyá Tóyọ̀sí tó wá kí i wí. "Ọdún mẹ́sàn-án, gbogbo ohun tó gbìn ló ń hù."

Ṣèyíọlá pòṣé.

Adébùkọ́lá rẹ́rìn-ín, ó mú igi pákí, ó dorí ẹ̀ kodò, ó sì gbìn ín bẹ́ẹ̀.

"Ha! Kí ló ṣe é lónìí?"

"Mi ò lọ síbi iṣẹ́ ni, Mà. Lánàá, mo ní kí wọ́n fi orúkọ mi hàn níparí ètò. Adébùkọ́lá ní, 'Ta ló fẹ́ mọ̀ ẹ́?'"

Ó na àtàǹpàkò rẹ̀ síwájú Ìyá Tóyọ̀sí. Àpá yẹn rèé.

"Ṣé ẹ wá mọ̀ mí báyìí?"