Òdòdó Orí Sàréè Tí Walter Rẹ Sínú Bíà

Walter ará Ìjẹ̀bú-Òde kò lè dúró de nǹkan kan, kì í sì í gba ìkìlọ̀. Bí ìkánjú bá jẹ́ oyè ni, òun ni wọn ìbá fi jẹ. Ó fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀, ó ní bíà lòun ó máa pọn nílé. Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ ń bú u lọ́sàn-án, wọ́n ń wá tọ́ bíà náà wò nírọ̀lẹ́.

Bíà náà dára, òórùn ló kù. Òdòdó kíkorò òkè òkun kan, họ́ọ̀pù, ni wọ́n máa ń rẹ sínú ọtí tó ti hó tán, kó lè ta sánsán. Apọntí á kọ́kọ́ fọwọ́ ra á, á gbóòórùn rẹ̀, á wá yan èyí tó bá ọtí rẹ̀ mu. Ìka tó tọ́ símú la fi ń romú.

Họ́ọ̀pù ọwọ́ Walter ti gbó, ó ń rùn bíi wàrà kíkan. Ẹni tó ń tà á ní tuntun ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n Richard, tó ní hòtẹ́ẹ̀lì ní Ìjagun, fẹ́ wá tọ́ bíà náà wò ní Sátidé. Bó bá dùn mọ́ ọn, yóò máa rà á, ilé Walter yóò sì jẹun.

Ìtàkùn kan wà lẹ́yìnkùlé, lórí sàréè bàbá Walter. Òdòdó rẹ̀ jọ họ́ọ̀pù gan-an. Nínú ilé wọn, ẹnikẹ́ni kì í já ohun tó bá hù níbẹ̀. Walter já a, ó ra á ní àtẹ́lẹwọ́: ọsàn, máńgòrò, òórùn tí kò lẹ́gbẹ́.

"Bàbá Mofẹ́, ṣé orí òkú lẹ ti já ìyẹn?" Mọ́ṣádé, ìyàwó rẹ̀, ló bi í.

"Òdòdó ni òdòdó ń jẹ́. Ẹ̀bùn bàbá mi ni."

"Ẹ̀bùn? Ṣé wọ́n nawọ́ ẹ̀ sí yín ni? Ẹ ní kí ọkùnrin yẹn ṣe sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ìwọ wá pọn ọ́n nígbà náà!"

Mo gbọ́n tán, mo mọ̀ tán, kì í jẹ́ kí agbọ́n ní oyin nínú. Walter rẹ òdòdó náà sínú kẹ́ẹ̀gì bíà rẹ̀. Láti ìgbà náà, ajá ilé kò gba ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì kọjá mọ́.

Richard dé ní Sátidé, ikùn ṣíwájú, òun tẹ̀lé e. Ó gbé ife símú, ẹ̀rín rẹ̀ sì kú.

"Ta ló fi àdín àgbọn sí i?"

"Àdín kẹ̀?"

"Èyí tí wọ́n fi para fún màmá mi lọ́jọ́ tí a tẹ́ òkú wọn."

Ó mu ún. Ó yíjú sẹ́yìnkùlé, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò pè é.

"Màmá! Mò ń bọ̀ o!"

Ó ti dé etí sàréè kí Mọ́ṣádé tó gba ife lọ́wọ́ rẹ̀, tó da ọtí náà nù. Ojú Richard wálẹ̀. Ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, bàtà rẹ̀ kan kò bá a lọ.

"Ojo!" ni Walter wí. Òun náà bu ife kan, ó mu ún tán. Òórùn yẹ̀pẹ̀ sàréè tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ nìkan ló gbọ́.

Títí di òní, òórùn yẹn kò kúrò. Ọbẹ̀, yẹ̀pẹ̀. Ọṣẹ, yẹ̀pẹ̀. Họ́ọ̀pù tuntun dé, Walter tú gbogbo àpò, kò sì lè yan ọ̀kan. Kò sí hòtẹ́ẹ̀lì tó rà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí Mofẹ́olúwa, ọmọ rẹ̀, bá sá wá dì mọ́ ọn, tí orí ọmọ náà kàn án nímú, Walter á bú sẹ́kún bí ẹni tó ń sin ọmọ náà.

Ẹ̀yin tí ẹ kò lè dúró ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀kọ́ yín rèé: ohun tí ìkánjú bá bà jẹ́, sùúrù kì í tún un ṣe. Ẹ má ṣe mú ohun tí a kò fún yín, ìbáà jẹ́ òkú ló ni ín, nítorí àìlèsọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ìyọ̀ǹda. Bí ìyàwó yín bá sì kìlọ̀, ẹ gbọ́ o. Obìnrin kì í fi gbogbo ìgbà wí tẹnu lásán.