Monílọ́lá, Ògbufọ̀ Ago Alaye

Ọlọ́pọlọ pípé ni Monílọ́lá ọmọ Ago Alaye, ṣùgbọ́n kò gba àtúnṣe lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Ìwà yìí ló gbé lọ sí yunifásítì, níbi tó ti ń kọ́ èdè Jámánì. Bí olùkọ́ bá ṣí ìwé atúmọ̀ èdè síwájú rẹ̀ pé ohun tó sọ kò tọ́, yóò ní ìwé náà ló ṣì í kọ.

Òun àti Límátù, ọmọ awakọ̀ kan ní Ore, ni wọ́n jọ wà ní kíláàsì. Bí Límátù bá ṣì í sọ, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà á bá wọn rín in, á sì máa tún un sọ títí yóò fi já geere.

"Ṣé ojú kì í tì ọ́ ni?" Monílọ́lá bi í. "Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tún ẹnu rẹ ṣe bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi."

Límátù rẹ́rìn-ín. "Èdè ìyá mi kọ́ o. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Samson, bàbá Monílọ́lá, ni alága ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ oníkòkó. Nígbà ìsinmi, tọkọtaya àgbàlagbà kan tó ń ṣe ṣokoléètì ní Jámánì fẹ́ wá wo oko wọn, kí wọ́n lè máa ra kòkó tààrà lọ́wọ́ àgbẹ̀, láìsí alágbàtà láàárín. Ọmọ wọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni ibà dá dùbúlẹ̀ sí Èkó. Àwọn fúnra wọn kò gbọ́ ju èdè wọn lọ.

"Jẹ́ ká ránṣẹ́ pe Límátù láti Ore," ni bàbá rẹ̀ wí, "kí ẹ̀yin méjèèjì jọ ṣe ògbufọ̀."

"Bàbá mi, bí Límátù bá dé, èmi á jókòó sílé. Ẹ yan ọ̀kan."

Bàbá yan ọmọ rẹ̀.

Àwùjọ pé sí ibi tí wọ́n ń sá kòkó sí. Ìkíni lọ dáadáa, àwọn àgbẹ̀ sì ń pàtẹ́wọ́ fún Monílọ́lá. Ìgbà tó yá, ìyá òyìnbó mú èso kòkó kan lọ́wọ́, ó béèrè ọ̀rọ̀ gígùn kan. Nínú gbogbo rẹ̀, "Gift" nìkan ni Monílọ́lá rí dì mú. Ì bá ní kí wọ́n tún un sọ, ṣùgbọ́n ó gbà pé ìtìjú ni.

"Wọ́n ń béèrè bóyá ẹ fẹ́ ẹ̀bùn," ó sọ fún àwọn àgbẹ̀.

"A fẹ́ o! A fẹ́ ẹ gan-an!"

Ó kọjú sí àwọn àlejò. "Ja! Viel Gift!" Bẹ́ẹ̀ ni, Gift púpọ̀!

Èso kòkó bọ́ lọ́wọ́ ìyá náà. Ó nàka sí ẹnu ara rẹ̀, ó tún béèrè. Monílọ́lá gbé ohùn sókè: "Gift! Gift!" Ọkọ ìyá náà fà á lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀, wọ́n sì lọ láìdágbére.

"Kí ló dé?" Samson béèrè.

"Wọ́n lọ gbé ẹ̀bùn yín wá ni."

Kò sí ẹ̀bùn kankan tó dé. Ohun tó dé ni ìpè ọmọ àwọn àlejò, lẹ́yìn tí ara rẹ̀ yá. Ó ní lédè àwọn, májèlé ni Gift. Ìyá òun béèrè bóyá wọ́n ń fín oògùn olóró sí kòkó, wọ́n sì fi ayọ̀ dáhùn pé àwọn ń lò ó púpọ̀. Samson ṣàlàyé, ó bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n àwọn òbí ọmọ náà ti bá àwọn àgbẹ̀ ìlú mìíràn ṣàdéhùn. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́.

"Dìde, ká lọ bẹ àwọn àgbẹ̀," Samson sọ fún ọmọ rẹ̀.

"Kí ni mo ṣe? Èdè wọn ni kò mọ́gbọ́n dání! Ta ní í pe májèlé ní Gift?"

"Ẹni tí kò gbọ́ èdè ẹgà ní ń sọ pé ẹgà ń pàtótó," ni bàbá rẹ̀ wí. Òun nìkan ló lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gba ẹ̀bẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba ipò alága náà lọ́wọ́ rẹ̀.

Síbẹ̀, Monílọ́lá kò yí padà. Níbi ìdánwò àfẹnusọ, olùdánwò tó wá láti Jámánì ní kó tún gbólóhùn kan sọ. "Bí èmi ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn," ó fèsì. Ó fìdí rẹmi. Límátù àti àwọn yòókù tó yege lọ lo ọdún kan ní Jámánì. Monílọ́lá padà sí kíláàsì láti tún un kà láàárín àwọn tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó dìde dáhùn ìbéèrè, ó sì ṣì í. Ó ti múra ìjà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kàn wò ó, ó yíjú sí ẹlòmíràn, kò tún un ṣe. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ẹ fi kọ́gbọ́n. Àṣìṣe kì í ṣe àbùkù fún ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́. Àìgba àtúnṣe ni àbùkù. Ẹni tó bá ń bínú sí ẹni tó ń tọ́ ọ sọ́nà yóò dá rìn lọ́jọ́ kan, àwọn tó gbára lé e ni yóò sì kọ́kọ́ jìyà rẹ̀. Ọmọ tí kò gba ẹ̀kọ́ nílé, òde ni wọ́n ti í kọ́ ọ wá.